Ta ló pe ọ̀wẹ̀? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àwọn tó ń lọ kọ́ ilé fún tálákà lókè òkun

Lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí abúlé tí wọn kò dé rí ní Áfríkà, Éṣíà tàbí Látìn Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè kọ́ ilé fún ìdílé tí wọn kò mọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe bíríkìlà, kò sì sí ẹni tó ń san owó iṣẹ́ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ibùsùn, wọ́n sì tún máa ń dá owó lé e fún iṣẹ́ ilé náà.

Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọn á po kọnkéré, wọn á gbé búlọ́ọ̀kù, wọn á kun ògiri lọ́dà, wọn á ya àwòrán pẹ̀lú onílé, wọn á sì padà sí orílẹ̀-èdè wọn.

Lójú àwọn kan, iṣẹ́ àánú tó ga ni. Àwọn mìíràn ń béèrè pé: bí a bá fi owó ọkọ̀ òfurufú àwọn àlejò wọ̀nyí ránṣẹ́ sí abúlé náà, ilé mélòó ni ì bá kọ́?

Ìbéèrè náà kan ẹkùn wa gan-an. Àwọn abúlé wà ní Ghana àti Togo tí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà sì ń wá ọ̀nà láti lọ yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè.

Níbo ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1920, Pierre Cérésole, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó kórìíra ogun, kó ikọ̀ kékeré kan lọ sí Esnes, abúlé kan nítòsí Verdun ní ilẹ̀ Faransé, tí ogun ti sọ di àlàpà. Àwọn ará Jámánì, tí orílẹ̀-èdè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Faransé jagun tán, wà nínú ikọ̀ náà. Èrò Cérésole ni pé bí àwọn ọ̀tá àná bá jọ ń tún ilé kọ́, ìyẹn lè tún àárín wọn ṣe ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wíwá tí àwọn ará Jámánì wá dá awuyewuye sílẹ̀ ládùúgbò náà, ikọ̀ náà sì kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Láti inú ìgbìyànjú yẹn ni ẹgbẹ́ Service Civil International ti jáde, tó ṣì ń ṣètò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wá gbilẹ̀ jù lọ nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni Habitat for Humanity. Oko kan tí wọ́n ń pè ní Koinonia, nítòsí ìlú Americus ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1942 ni Clarence Jordan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko náà sílẹ̀, níbi tí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní àkókò tí òfin ìpínlẹ̀ náà ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibẹ̀ ni Millard Fuller àti ìyàwó rẹ̀, Linda, ti pàdé Jordan. Agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ni Fuller, ó sì ti di olówó mílíọ̀nù kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn fẹ́ dàrú, tọkọtaya náà pinnu láti fi ọrọ̀ wọn tọrẹ, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé mìíràn. Òun àti Jordan ló jọ ro ìlànà kan pé kí wọ́n kọ́ ilé tó mọ níwọ̀n fún tálákà, kí wọ́n má ṣe jẹ èrè lórí rẹ̀, kí wọ́n má sì gba èlé lórí owó tí wọ́n bá yá onílé.

Ní 1973, ìdílé Fuller kó lọ sí Mbandaka, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, èyí tó ti di Democratic Republic of Congo báyìí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ìlànà náà yẹ̀ wò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí Amẹ́ríkà ní 1976 ni wọ́n dá Habitat for Humanity sílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ Áfríkà ni wọ́n ti dán iṣẹ́ náà wò kí ẹgbẹ́ náà tó ní orúkọ.

Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Ní 1984, òun àti ìyàwó rẹ̀, Rosalynn, bá àwọn olùyọ̀ǹda lọ tún ilé kan ṣe ní New York. Láti ìgbà náà, ó lé ní ọdún 35 tí wọ́n fi ń lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè 14. Ilé tí iṣẹ́ wọn kàn lé ní 4,400. Ní 2002, wọ́n kọ́ ilé 100 ní Durban, ní Gúúsù Áfríkà. Ní 2011 àti 2012, wọ́n lọ sí Léogâne ní Haiti, ìlú tí ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2010 bà jẹ́ gidigidi. Carter jáde láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Àwọn ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí níṣẹ́ máa ń ní òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ló ń bá àwọn ìjòyè àti aráàlú sọ̀rọ̀, àwọn náà ló sì ń yẹ ìdílé tó bá béèrè fún ilé wò. Irú ilé wo ni wọ́n ń gbé báyìí? Ènìyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá kan? Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí jẹ́ tiwọn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé náà ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Nínú ìlànà tí Fuller àti Jordan fi lélẹ̀, onílé yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Owó tó bá san ni wọn yóò fi kọ́ ilé fún ẹlòmíràn. Òun àti ẹbí rẹ̀ yóò tún fi òógùn ojú ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé náà àti nínú ilé aládùúgbò wọn. Àmọ́ ètò mìíràn wà fún àwọn tí àjálù bá, àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn, tí wọn kò ní san ohunkóhun.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bíríkìlà àdúgbò á ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kí àlejò tó dé. Òun ló ń ta okùn, òun ló ń yẹ ògiri wò bóyá ó dúró ṣánṣán. Èyí tó gba agbára ju ìmọ̀ lọ ni wọ́n máa ń fún àlejò: kíkó yanrìn, pípọn omi, pípo kọnkéré, gbígbé búlọ́ọ̀kù fún ẹni tó ń tò ó.

Níbi tí wọn kò bá ti pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wàhálà ni. Ní 2014, Pippa Biddle, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa bí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ òun ṣe lọ sí Tanzania láti bá ilé ọmọ aláìlóbìí kan kọ́ ilé ìkàwé. Ó ní iṣẹ́ bíríkìlà tí àwọn ń ṣe lọ́sàn-án kò dára rárá, débi pé àwọn ọkùnrin àdúgbò máa ń wó o lálẹ́, tí wọ́n sì ń tún un tò kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ náà má bàa mọ̀.

Èló ni ilé, èló ni ìrìnàjò?

Ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè Honduras ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ìjì líle Mitch kọlu àwọn orílẹ̀-èdè tó wà láàárín Mexico àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tó kú, Honduras ló sì fara gbá jù lọ. Òkè ya lu ilé, àgbàrá gbé afárá lọ, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì rì sínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ikọ̀ olùyọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Amẹ́ríkà àti Kánádà láti kọ́ ilé fún àwọn tí ìjì náà sọ di aláìnílé.

Kurt Ver Beek, olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì ti ń gbé ní Honduras tipẹ́, tọ pinpin iṣẹ́ wọn. Ó bá àwọn olùyọ̀ǹda sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tó ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀. Ọdún 2006 ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde.

Ohun tó rí ni pé ilé kan ń gba nǹkan bí 2,000 dọ́là. Àmọ́ ìrìnàjò ikọ̀ kan, bí a bá ro owó ọkọ̀ òfurufú, oúnjẹ àti ibùsùn pọ̀, ń gbà tó nǹkan bí 30,000 dọ́là. Ìyẹn ni pé owó tí ikọ̀ kan ná láti wá kọ́ ilé lè kọ́ ilé 15.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tó fi àwọn ìdílé tí àjèjì kọ́ ilé fún wé àwọn tí ọmọ Honduras kọ́ ilé fún, kò rí ìyàtọ̀ kankan tó ṣe gbòógì nínú ìgbé ayé wọn. Ilé náà ló ṣe wọ́n láǹfààní, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìlú tí ìjì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, owó iṣẹ́ ilé 15 ì bá ti wọ àpò bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó ní ọmọ láti bọ́.

Kí ni àwọn tó fara mọ́ ọn ń sọ?

Èsì wọn àkọ́kọ́ ni pé owó náà kò ní wá bí ènìyàn kò bá wá. Ẹni tó bá dá owó fún ọmọ rẹ̀ láti lọ sí Honduras lè má dá kọ́bọ̀ fún ìdílé Honduras tí kò mọ̀ rí. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lábẹ́ oòrùn kò ní gbàgbé, àti pé yóò máa ṣe ìtọrẹ títí ayé rẹ̀.

Òtítọ́ wà nínú èyí. Iṣẹ́ Carter àti aya rẹ̀ mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ̀ nípa àìrílégbé ju bí ìwé ìròyìn kankan ì bá ti ṣe lọ. Ṣùgbọ́n Ver Beek yẹ ẹ̀gbẹ́ yìí náà wò. Ọ̀pọ̀ àwọn olùyọ̀ǹda sọ fún un pé ọrẹ tí àwọn ń ṣe ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí àwọn ti padà sílé. Nígbà tó wo àkọsílẹ̀ owó, àkọsílẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn.

Èsì wọn kejì ni ti àjọṣe. Ìdílé tó wà ní ìgbèríko jíjìn, tí ìjọba wọn kò bojú wò, lè rí i pé àwọn kan wà ní òpin ayé kejì tó ka àwọn sí ènìyàn. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi dọ́là wọ̀n, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tó kù ni láti mọ bí àjọṣe náà ṣe lè wáyé láìsí pé onílé di òǹwòran nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀, àáró àti konbit

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe láti kọ́ ilé kì í ṣe ohun tuntun fún Yorùbá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé kì í dá a ṣe. Ó lè bẹ ọ̀wẹ̀, kí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn àna rẹ̀ wá bá a po amọ̀, kí wọ́n bá a mọ ògiri ní ìpele ìpele, kí wọ́n sì bá a fi koríko bẹẹrẹ bo orí ilé. Tirẹ̀ ni láti wá oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tó wá. Bó bá jẹ́ àáró ni, àwọn ẹgbẹ́ á máa gbé iṣẹ́ yí ká: tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la, gbèsè iṣẹ́ ni wọ́n sì ń san fún ara wọn.

Ọ̀nà méjèèjì ní ohun kan ní àpapọ̀. Onílé ló ń pe ọ̀wẹ̀. Òun ló mọ ibi tí yàrá yóò wà, òun ló mọ ọjọ́ tí òjò kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, òun ló sì ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Nítorí náà, olùrànlọ́wọ́ ni àwọn tó wá, òun sì ni olóhun. Ojú kò tì í, nítorí ó mọ̀ pé òun náà yóò lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn.

Àṣà yìí dé Haiti náà. Konbit ni wọ́n ń pe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe níbẹ̀. Onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ènìyàn, Melville Herskovits, tó ṣe ìwádìí ní Abomey ní 1931 àti ní Haiti ní 1934, so ó pọ̀ mọ́ dókpwè, ẹgbẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn Fon ní ilẹ̀ Benin òde òní, tó máa ń ro oko, tó sì máa ń mọ ògiri ilé. Nígbà tí àwọn olùyọ̀ǹda wá sí Haiti lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 2010, orílẹ̀-èdè tó ti ń fi konbit ṣe ayé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n wá bá.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ àárín ètò rere àti ètò tí kò dára ti máa ń hàn. Níbi tí ìdílé àti abúlé ti pe ọ̀wẹ̀, àlejò jẹ́ ọwọ́ kan láàárín ọwọ́ púpọ̀. Níbi tí àlejò ti pe ọ̀wẹ̀ fún ara rẹ̀, àkókò ìsinmi tirẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí wọn yóò kọ́ ilé, ìtọ́wò tirẹ̀ ló sì ń pinnu irú ilé tí wọn yóò kọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ́ ilé tí kò ní ibi ìdáná tó bá ìṣe obìnrin ibẹ̀ mu, tàbí ilé páànù tí kò ṣeé gbé nínú ooru, tàbí ilé tó jìnnà sí oko àti ọjà. Ohun tó burú jù ni kí wọ́n kọ́ ọ sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé, kí onílẹ̀ sì wá lé ìdílé náà jáde lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ.

Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà?

Ní Chile, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní TECHO lónìí sílẹ̀ ní 1997, pẹ̀lú àlùfáà Kátólíìkì kan, Felipe Berríos. Ilé onípákó kékeré, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà mẹ́ta sí mẹ́fà, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ikọ̀ kan lè gbé e dúró láàárín ọjọ́ méjì. Ètò náà ti tàn kálẹ̀ ní Látìn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùyọ̀ǹda rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè náà gan-an: ọmọ yunifásítì láti àárín ìlú tó lọ bá tálákà ìlú òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Owó ọkọ̀ òfurufú kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ní Rwanda, iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní umuganda máa ń wáyé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe ni títún ilé àwọn tí kò lágbára kọ́.

Nàìjíríà náà ń rán olùyọ̀ǹda lọ sókè òkun. Ètò Technical Aid Corps, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1987, ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà, Caribbean àti Pacific. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó nílò wọn ló ń béèrè fún wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ níṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe.

Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí

Bí ẹ bá fẹ́ bá irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ, ìbéèrè wọ̀nyí lè ràn yín lọ́wọ́:

- Ta ló béèrè fún ilé náà? Ṣé ìdílé àti abúlé ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn fẹ́ ẹ?
- Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀?
- Nínú owó tí ẹ óò san, èló ló ń lọ sí sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù àti owó òṣìṣẹ́ àdúgbò, èló ló sì ń lọ sí ìrìnàjò?
- Ṣé bíríkìlà àdúgbò ni olórí iṣẹ́, ṣé wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ fún un bó ṣe yẹ?
- Ta ni yóò wá wo ilé náà lẹ́yìn ọdún kan, bí òrùlé bá ń jò?
- Irú físà wo ni òfin orílẹ̀-èdè náà béèrè fún olùyọ̀ǹda? Físà ìbẹ̀wò kì í sábà fàyè gba iṣẹ́, kódà bí kò bá sí owó oṣù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀nà láti jápa, ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn gidi. Ẹni tó bá ṣèlérí pé iṣẹ́ ìyọ̀ǹda yóò di iṣẹ́ olówó oṣù bí ẹ bá ti débẹ̀, tó sì fẹ́ gba ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé fún tálákà. Ní Nàìjíríà, ẹ lè fi irú rẹ̀ tó àjọ NAPTIP létí, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò.

Bó bá sì jẹ́ pé abúlé yín ni àlejò ń bọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí àti ẹni tí yóò gba iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn baálẹ̀, àwọn ìyá àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí ọkọ̀ àlejò tó gbéra. Ẹni tí yóò máa sùn nínú ilé náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà lọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.